Pupa ni ti Abigail

Olútáyọ̀ tẹ ègé aṣọ náà mọ́ ara ògiri, ó fi wé àmì ọ̀dà tó wà níbẹ̀, ó sì mú un kúrò. Kò bára mu. Èyí ti ṣú jù. Ó fa òmíràn yọ nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ ìyẹn náà mọ́ ọn, ó rí i pé ó fẹ́ jọ osùn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló wá bá a mu rẹ́gí: pupa líle, pupa tó ń ta síni lójú, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sàmì sára ilé tí wọ́n bá fẹ́ wó.

Ọjọ́ ìmọ́tótó ni. Aago mẹ́wàá kò tíì lù, mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ rìn, gbogbo àdúgbò ló wà lẹ́nu gọ́tà tàwọn ti ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀. Bàbá kan tó ń kó ẹrẹ̀ níwájú ògiri náà dúró, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò ó.

"Sisí, ṣé ẹ fẹ́ rán aṣọ fún ògiri ni?"

"Rárá o, sà. Mo kàn ń wo nǹkan ni."

"Ẹ jẹ́ kó gbà á dáadáa o. Ògiri yìí kì í wọ aṣọ fífún."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó tún tẹ̀ ba sí gọ́tà. Olútáyọ̀ bá a rẹ́rìn-ín, nítorí pé inú rẹ̀ dùn lóòótọ́. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn báyìí kẹ́yìn.

Ìsọ̀ ìránṣọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Ìgàndò, ní Ìkọ̀tún, láàárín ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan àti ìsọ̀ oníbúrẹ́dì. Nígbà tó padà débẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ pupa náà wẹ́wẹ́. Àná ló ti rán àpò àǹkárá méjì sílẹ̀, àwọn méjèèjì jọra débi pé ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú èkíní ló kó ègé aṣọ oríṣiríṣi àwọ̀ sí: funfun, àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ojú ọ̀run, elésè àlùkò, títí kan èyí tó dà bí ẹ̀pà yíyan. Pupa nìkan ló ń wọ inú èkejì.

Eré orí rédíò kan ló kó ẹgbẹ́ wọn jọ. *Àgbàlá Mẹ́rin* ni wọ́n ń pè é, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì máa ń gbọ́ ọ, títí wọ́n fi dá eré náà dúró lójijì. Ayọ̀ká, ọmọbìnrin inú eré náà, wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ń kan ilẹ̀kùn, eré sì parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bóyá wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Àwọn tí kò lè fara dà á wá ara wọn rí lórí Wasáàpù, wọ́n sì ń kọ ìyókù fúnra wọn. Kálukú ló ní Ayọ̀ká tirẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń fi ìtàn rẹ̀ díje, ètò ti ọdún yìí sì bọ́ sọ́wọ́ Olútáyọ̀. Òun ló dá àbá àwọ̀. Kálukú yóò ṣẹ́ kèké bí àwọn àpọ́sítélì ti ṣe, àwọ̀ tó bá sì mú ni yóò wà nínú ìtàn tó máa kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo wọn ló yìn ín. Abigail, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, pàápàá fi àwòrán ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ ránṣẹ́.

Pàtẹ́wọ́ yẹn ló jẹ́ kó dá a lójú pé ọwọ́ òun ti tó Abigail.

Lọ́dún tó kọjá, Olútáyọ̀ kọ ìtàn kan tí oyún Ayọ̀ká ti bàjẹ́, tí obìnrin náà ṣì ń rán fìlà kékeré. Kò sọ fún wọn pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí. Yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀, Abigail nìkan ló mọ̀. Abigail ló gbé e dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, òun ló fọ ìró rẹ̀, òun ló di ọwọ́ rẹ̀ mú tó ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọrin ìsìn sí i létí títí oorun fi gbé e lọ. Abigail yìí kan náà ló gba ohùn ara rẹ̀ sórí fóònù, tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́.

"Ẹ gbọ́ ná o, ẹ̀yin ará Àgbàlá! Ọmọ tí kò tíì wá sáyé, ta ni ká lọ bá kẹ́dùn ẹ̀? Àbí ká ra búrẹ́dì dání ká lọ kí ìyá ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sunkún òkú tó kú lóòótọ́ ná!"

Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ohùn náà ti inú fóònù bọ́ sínú fóònù títí ó fi dé ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Olútáyọ̀, tí ọmọbìnrin kan tó dúró tì í nílé ìsìn sì fi ń ṣẹ̀fẹ̀ létí rẹ̀ láìmọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ó gbàdúrà. Ó kúnlẹ̀, ó rán Olúwa létí pé Òun ló ni ẹ̀san, ó bẹ̀ Ẹ́ kó jọ̀ọ́ kó tètè san án. Nígbà tí oṣù ń gorí oṣù, tí ara Abigail ń le, tó tún ń sanra sí i, Olútáyọ̀ rò ó pé bóyá ṣe ni Olúwa ń retí kí òun ràn Án lọ́wọ́.

Ó mọ ibi tó máa dùn ún. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fẹ ọ̀nà, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé bàbá Abigail. Bàbá náà pọn omi, ó mú kànìnkànìn àti ọṣẹ, ó sì ń fọ ògiri náà lójú gbogbo ayé. Ó ń fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ọ̀dà náà kò parẹ́. Wọ́n wó ilé náà, apá kan ara bàbá rọ, kò sì pẹ́ sígbà náà tó fi jáde láyé. Láti ìgbà yẹn, Abigail kì í wọ pupa, kì í kùn ún sétè. Bí ó bá sùn nílé ẹlòmíràn tí wọ́n fún un ní bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa, kò ní fi wẹ̀. Olútáyọ̀ nìkan ló mọ ìdí.

Kó kọ pupa, nígbà náà. Kó jókòó, kó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ògiri yẹn, kí àwọn èèyàn máa kà á. Bí ó bá sì kọ̀, kó sọ ìdí rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Èyí tó wù ú nínú méjèèjì ni kó mú. Ìsọ̀ yìí ni wọ́n ti fẹ́ pàdé lónìí, Abigail kì í sì í tètè dé. Àwọn yòókù á ti mú tiwọn nínú àpò kìíní, nígbà náà ni òun á na àpò kejì sí i.

Aago mẹ́wàá lù. Fèrè mọ́tò gba ìta kan. Ẹni àkọ́kọ́ tó tẹrí wọ ìsọ̀ ni Abigail.

"Ṣé èmi ni mo kọ́kọ́ dé? Ẹ pe àwọn oníròyìn!"

"Káàbọ̀," ni Olútáyọ̀ wí. Kíá ló fi ẹsẹ̀ ti àpò méjèèjì sábẹ́ ẹ̀rọ.

Kò pẹ́ tí àwọn yòókù fi dé. Tíṣà Simeon wá láti Ìpájà, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lábíyá. Mubarakah, tó kéré jù láàárín wọn, gbé sobo tútù wá nínú ike. Jàfárù tó ń tún fóònù ṣe ní ìyànà ṣì mú irin tó fi ń tú fóònù lọ́wọ́.

"Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ mú," ni Tíṣà wí, ó ń nu awò ojú rẹ̀. "Òfin wa nìyẹn."

Òfin tí Tíṣà fúnra rẹ̀ fi kún un lórí Wasáàpù ni, Olútáyọ̀ sì ti gbà fún un nítorí pé àgbà ni. Olútáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ ré àpò kìíní kọjá, ó sì gbé èkejì jáde. Bí Abigail bá ti mú tán, òun á fi ọgbọ́n pààrọ̀ àpò kó tó kan ẹlòmíràn.

Abigail di ojú. "Olúwa, má fún mi ní àwọ̀ eérú o."

Ó mú un jáde, ó la ojú. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ dúró síbẹ̀ díẹ̀, bí àlejò tí kò mọ̀ pé wọ́n ti ní kó máa lọ. Olútáyọ̀ wò ó. Ó dùn mọ́ ọn nínú, ó dùn dé eegun.

"Pupa!" Mubarakah pàtẹ́wọ́. "Àǹtí Abi, ìfẹ́ lẹ máa kọ nìyẹn. Ayọ̀ká á wọ pupa, ọkọ ẹ̀ á fò dìde!"

"Ìfẹ́ kẹ̀?" ni Jàfárù wí. "Pupa ni wọ́n fi ń dá mọ́tò dúró. Ẹnu ọ̀nà yẹn náà ló máa sùn jàre."

"Mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀," ni Abigail wí.

"Kò sí pààrọ̀." Olútáyọ̀ yára sọ ọ́ jù.

"Ó wà," ni Tíṣà wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwọ náà fọwọ́ sí i, Táyọ̀."

Abigail ki ọwọ́ bọ àpò lẹ́ẹ̀kejì. Pupa ló mú jáde. Jàfárù súfèé, ó ní pupa fẹ́ràn Àǹtí Abi ju ọkọ wọn lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Abigail gba àpò náà lọ́wọ́ Olútáyọ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ, ó gbọ̀n ọ́n. Pupa, pupa, pupa, bí ata tí wọ́n sá sóòrùn.

"Àǹtí Táyọ̀," ni Mubarakah wí, "àpò wo lẹ gbé wá yìí?"

Abigail ti mú ègé kan, ó sì ń gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Kì í ṣe pupa lásán," ló wí. "Pupa yẹn gan-an ni." Ó yíjú padà. "Ṣé o lọ fi wé àmì wọn lára ògiri ni?"

Irọ́ tí Olútáyọ̀ fẹ́ pa kò wá.

"Mo lọ fi wé e. Láàárọ̀ yìí." Ọ̀rọ̀ tó ti ń ká mọ́ inú láti ọjọ́ yìí wá ń tú jáde. "Ìwọ lo gbé mi dé ilé ìwòsàn, Abigail! Ìwọ lo fọ ìró mi. O mọ̀ pé èmi ni Ayọ̀ká inú ìtàn yẹn, o sì fi mí ṣẹlẹ́yà létí gbogbo ayé."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀. Mubarakah fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo mọ̀," ni Abigail wí.

"O mọ̀?"

"Mo mọ nǹkan tí mò ń sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo fẹ́ kó dùn ọ́." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá, bí ẹni tí wọ́n bi léèrè ọ̀nà, tó ń júwe rẹ̀, ló ṣe ń sọ̀rọ̀. "Nígbà tá a sin bàbá mi, o ò wá. Ìgàndò níbí ni. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni láti ẹnu ìsọ̀ yìí. Mo gba àga sílẹ̀ fún ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbé báàgì mi lé e kí ẹnikẹ́ni má bàa jókòó síbẹ̀. Títí wọ́n fi bo sàréè, báàgì ló jókòó tì mí."

"Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ," ni Olútáyọ̀ wí. Ó gbọ́ ọ bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ì bá sì dá a padà ká ní ó ṣeé dá padà.

"Ó dé. Mo kà á níbẹ̀."

Nílé ìwòran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń dán ẹ̀rọ agbóhùnsókè wò, ẹnì kan ń ka ení, èjì, ení, èjì. Abigail ká ègé aṣọ náà, ó fi í sínú báàgì rẹ̀.

"Mi ò pààrọ̀ mọ́. Tíṣà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi. Pupa ni tèmi."

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Tíṣà, ó fi ọwọ́ kan Mubarakah léjìká, ó sì bọ́ síta.

Olútáyọ̀ gbé àpò kìíní jáde. Àwọn mẹ́ta tó kù mú tiwọn láìwo ojú rẹ̀. Àwọ̀ eérú bọ́ sọ́wọ́ Jàfárù, kò sì fi dápàárá. Mubarakah da sobo sínú ife kan, ó gbé e kalẹ̀ fún Olútáyọ̀ lórí ẹ̀rọ kó tó tẹ̀ lé àwọn yòókù lọ.

Nígbà tí ìsọ̀ dá, ó jókòó, ó fa aṣọ oníbàárà kan wá síwájú rẹ̀, kò sì rán an. Ó ń wá ọjọ́ ìsìnkú náà kiri nínú ara rẹ̀. Kí ló ń ṣe lọ́jọ́ yẹn? Ó rò ó pé bóyá aṣọ ìkórè àwọn akọrin ló gbà á lọ́wọ́, ó wá rántí pé ìyẹn jẹ́ ọdún mìíràn. Ṣé òjò rọ̀ ni? Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni? Ó wá a bí ẹni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò rí i. Ó ní láti jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọjọ́ Ẹtì ni àwọn èèyàn sábà máa ń sìnkú. Ju ìyẹn lọ, kò rántí nǹkan kan.