Ọ̀nà Òfuurufú Láti Ìlọrin

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Alhaji Sàlàhúdíìnì dákẹ́ nílé rẹ̀ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Ohun kan ṣoṣo ló sọ sílẹ̀: Mọ́nsúrù, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, ni kó gbé orí òun sínú sàréè. Ìlọrin sì ni Mọ́nsúrù wà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ omi. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Tí wọ́n bá ti kírun Àílà tán, ní nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, wọ́n á sin ín.

Sìlífátù, ẹ̀gbọ́n Mọ́nsúrù, sáré lọ sílé aládùúgbò tó ní tẹlifóònù.

Mọ́nsúrù sunkún díẹ̀ lórí tẹlifóònù, ó ní, "Èmi àti Ládépọ̀ ọ̀rẹ́ mi máa wọ mọ́tò báyìí, ẹ̀gbọ́n mi. A ó gba Ìbàdàn."

"Mọ́tò kẹ̀? Wọ ọkọ̀ òfuurufú."

Obìnrin yìí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Aládìrẹ ni, ó mọ nǹkan wọ̀n. Máàpù kan wà lára ògiri níbẹ̀. Ó tú ìko tó fi ń di aṣọ kúrò ní etí ìró rẹ̀, ó nà án láti Ìlọrin dé Abẹ́òkúta, kò gùn rárá. Ó tún fi wọn ọ̀nà mọ́tò, ó ń yí i gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìbàdàn, ìyẹn gùn dáadáa. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Sìlífátù kò rántí pé ọkọ̀ òfuurufú kì í balẹ̀ sí Abẹ́òkúta, pé Ìkẹjà ló ń lọ, èèyàn á sì tún fi mọ́tò padà. Mọ́nsúrù mọ̀, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀. Ó ní kò burú.

Kí agogo méjìlá tó lù, Ládépọ̀, tó wọ mọ́tò ní tirẹ̀, wọlé, báàgì Mọ́nsúrù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Mọ́nsúrù ńkọ́? Mo rò pé ó ti dé tipẹ́."

Láti ìgbà náà ni Sìlífátù kò ti lè jókòó mọ́. Bí mọ́tò kan bá fọn fèrè, á sáré jáde. Ṣé ọkọ̀ náà ti já ni? Á lé èrò náà lọ, á tún padà wá. Wọ́n kírun Àílà tán, ó lọ kúnlẹ̀ fún Àáfáà Ṣéhù, ẹni tó máa kírun sí òkú lára, pé kí wọ́n dúró de Mọ́nsúrù.

"Nítorí ohun tí bàbá rẹ sọ, a ó dúró di Alásàárì," ni àáfáà wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ mi, má bẹ̀ mí mọ́."

Alásàárì dé. Àbúrò bàbá wọn ló gbé orí òkú sínú sàréè. Wọ́n ti bo ilẹ̀ tán kí takisí kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, Mọ́nsúrù sì bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú tó yẹ kó gbéra ní Ìlọrin ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, agogo kan ọ̀sán kọjá kó tó gbéra. Nígbà tí Mọ́nsúrù sì ń fi takisí ti Ìkẹjà bọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣubú dí ọ̀nà ní Ewékorò.

Sìlífátù kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. "Èmi ni mo fà á. Èmi ni mo ní kí o má wọ mọ́tò."

Mọ́nsúrù gbé e dìde. Kò bínú, ìyẹn ló sì dun Sìlífátù jù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ilé," ló wí. "Ẹ ń kírun Àílà lọ́wọ́ nígbà yẹn. Mo yọjú lójú fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú, mo rí odò Ògùn, mo rí Olúmọ. Mo ní kí Bàbá dúró dè mí, pé mo ti dé. Ọkọ̀ náà sì kọjá lọ."