Ọwọ́ Ìyá Kíákíá

Mi ò bínú sí ìwé kíkọ́. Ìwé ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹni tí mo bínú sí ni ọ̀gá wa, tó pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan, tó ní kí n jókòó, tó wá sọ fún mi pé kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún méjìdínlógún.

Ilé ìtọ́jú àwọn aláàbọ̀ ara ni ibi iṣẹ́ wa. Èèyàn mẹ́rìnlélógún ló ń gbé ibẹ̀: àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn, àwọn kan ò ríran, àwọn mìíràn sì wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti sọ apá kan ara wọn di aláìlágbára. Àwa òṣìṣẹ́ àárọ̀ là ń wẹ̀ fún wọn, àwa là ń wọṣọ fún wọn, àwa náà là ń mú wọn dé ìdí oúnjẹ kí agogo mẹ́jọ tó lù. Èèyàn mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ èmi nìkan, mo sì máa ń ṣe wọ́n tán kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ṣe mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Kíákíá. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn. Ẹni tó bá ní mo fi ń yangàn, kò parọ́ mọ́ mi.

“Òfin tuntun ni, Màmá,” ni ọ̀gá wí. Ọmọkùnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún, ó sì máa ń bẹ̀rù mi díẹ̀, bó ṣe yẹ. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀hún, ọ̀sán Ìṣẹ́gun àti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Tí ẹ bá parí ẹ̀, tíṣà á wá wò yín lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni tó bá yege á gba sàtífíkéètì.”

“Ẹni tí ò bá yege ńkọ́?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo tábìlì rẹ̀. “Kò ní lè máa tọ́jú àwọn èèyàn wa mọ́. Ilé ìfọṣọ la máa gbé e lọ.”

Ilé ìfọṣọ! Mo mọ ibẹ̀ dáadáa: ẹ̀rọ méjì tó ń pariwo, ooru, fèrèsé kan ṣoṣo tí kò ṣeé ṣí. Aṣọ ìbùsùn kì í kíni, kì í rẹ́rìn-ín, kì í bá ni yan odì. Bí mo bá jí láàárọ̀, àwọn èèyàn mi mẹ́fà ni mo kọ́kọ́ ń rántí kí n tó rántí ọkọ mi. Kí ọkọ mi má ṣáà gbọ́.

Kódà, mo ń rántí Bàbá Télọ̀, tó máa ń gbá mi lọ́wọ́.

Ogójì ọdún ni bàbá yìí fi ránṣọ kí rọpárọsẹ̀ tó mú apá ọ̀tún rẹ̀, tó sì mú èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù fún un ò ju márùn-ún mẹ́fà lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wá wọn rí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wọṣọ fún un. Lójoojúmọ́, bí mo bá ti de bọ́tìnì kejì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, á gbé ọwọ́ òsì, á gbá mi lọ́wọ́, pàá! Èmi á ní, “Bàbá Télọ̀, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn,” màá sì yára de ìyókù. Gbogbo wa ti gbà pé inú fùfù ló ní. A tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: ó máa ń bínú láàárọ̀.

Mo lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà pẹ̀lú imú kíká. Yàrá ńlá kan ni, wọ́n to àga yí po, a sì jẹ́ mẹ́rìnlá: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, àwa tí à ń ṣe ìtọ́jú, àti awakọ̀ kan tó síngbọnlẹ̀, tó ń fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara lọ sílé ìwé. Tíṣà wa fúnra rẹ̀ wọlé lórí àga onítáyà. Ó ń fọwọ́ yí i fúnra rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í. Kò lè ju ẹgbẹ́ àbíkẹ́yìn mi lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà: ohun tí mo ń tún sọ nínú mi nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó ń pín ìwé fún wa.

“Kí ẹ tó na ọwọ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ bi í,” ni tíṣà wí. “Tí ẹ bá bi í tán, ẹ máa ka ení, èjì títí dé ogún nínú yín. Ìdáhùn àwọn ẹlòmíì máa ń pẹ́ lọ́nà.”

Mo rọra sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé, “Èèyàn mẹ́fà, ogún-ogún. Ìgbà wo làwọn èèyàn yẹn fẹ́ jẹun?”

Mi ò mọ̀ pé etí tíṣà mú tó bẹ́ẹ̀. “Ìbéèrè gidi nìyẹn, Màmá,” ó ní. “Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀.” Mo ká imú mi padà sí bó ṣe wà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó pín wa ní méjì-méjì. Ẹnì kan á fi ìborí so apá ọ̀tún mọ́ ara, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹnì kejì á wọ súwẹ́tà fún un. Awakọ̀ yẹn ni wọ́n fún mi. Wọ́n so apá mi. Kí n tó mí, ọkùnrin yìí ti ki súwẹ́tà bọ̀ mí lórí, ó sì ń fà á wálẹ̀ bí ẹni ń di àpò ìrẹsì. Ó fa yẹtí mi, gèlè mi já bọ́, ojú mi sì bọ́ sínú òkùnkùn. Mo gbé ọwọ́ òsì tó kù fún mi, mo gbá a lọ́wọ́, pàá!

Ẹ̀rín bú nínú yàrá. Awakọ̀ ń ra ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mo kàn fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni o.”

Tíṣà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. “Màmá, kí ló dé tí ẹ fi gbá a?”

“Kò bi mí ni! Ọwọ́ òsì mi ò kú, mo lè fà á wọ̀ fúnra mi, òun kàn ń...”

Mo ti gbọ́ “pàá” yẹn rí. Láràárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ, láti ọdún mẹ́rin.

Kí n má parọ́, ojú tì mí débi tí mi ò lè wo awakọ̀ nígbà tó tún wá bẹ̀ mí. Télọ̀! Ẹni tó ti de bọ́tìnì sára ọkọ ìyàwó, sára adájọ́, sára ọmọ ilé ìwé, òun ni mò ń já bọ́tìnì gbà mọ́ lọ́wọ́, tí mo tún ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń bínú. Èmi ì bá ti bu ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀ fún mi jẹ.

Nígbà tí mo délé, mo dán ogún kíkà wò lára ọkọ mi. Ó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀, gíláàsì ọ̀hún sì wà níwájú orí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, màá ti fà á sọ̀ kalẹ̀ fún un kó tó béèrè. Mo jókòó, mo ń kà. Ó wo abẹ́ ìrọ̀rí, ó wo inú fíríìjì. Nígbà tó kù ení kó pé ogún, ọwọ́ rẹ̀ bà á.

“O ti rí i láti ẹ̀ẹ̀kan?”

“Wọ́n ní kí n máa kà dé ogún ni.”

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Tíṣà wa ni.”

Ó ní kí n bá òun kí tíṣà náà o, kí n sì sọ fún un pé ó ti bá òun ba ìyàwó òun jẹ́. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pààrọ̀ ètò mi: ọ̀dọ̀ Bàbá Télọ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ, kí àsìkò lè wà. Mo gbé ṣẹ́ẹ̀tì lé e lẹ́sẹ̀, mo fa àpótí, mo jókòó níwájú rẹ̀. “Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ fúnra yín ni?”

Ó wò mí bí ẹni tí ewúrẹ́ kí káàárọ̀. Mo kà dé ogún. Kò mira. Ọwọ́ mi ló ń wò, ó ń retí ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ ìwà rẹ̀. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́rin bàjẹ́, ogún kan ò lè tún un ṣe. Nígbẹ̀yìn, èmi náà ni mo wọ̀ ọ́ fún un, kò sì gbá mi lọ́wọ́. Ìyẹn tilẹ̀ dùn mí ju kó gbá mi lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó fi ìka méjì yẹ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà wò, ó yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, ó pòṣé sí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó rán an. Àmọ́ kò wọ̀ ọ́.

Kò tíì wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí àárọ̀ ìdánwò fi dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Kíákíá.” Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó sì lábo, mo mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Bí bàbá bá kọ̀, tí mo sì tún wọ̀ ọ́ fún un níṣojú tíṣà, ilé ìfọṣọ ti gbà mí nìyẹn.

Mo ti ṣe àwọn márùn-ún yòókù tán kí tíṣà tó yí àga rẹ̀ wọ yàrá Bàbá Télọ̀. Kò kí mi. Bàbá ló kọ́kọ́ kí, ó sì bi í bóyá òun lè jókòó wò wọ́n. Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tíṣà yí àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ṣí ìwé rẹ̀.

Mo na ṣẹ́ẹ̀tì méjì sókè. “Bàbá, èwo lẹ fẹ́?” Mo kà dé mẹ́sàn-án. Ó nawọ́ sí funfun onílà tín-ín-rín. Mo gbé e lé e lẹ́sẹ̀, mo jókòó sórí àpótí.

Bàbá gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọwọ́ òsì na gbogbo ara aṣọ náà títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnì. Lára ṣẹ́ẹ̀tì tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀! Láti ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ó parí, bàbá ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ́ẹ̀tì ṣe, lónìí tí ó yẹ kó rántí gan-an. Ọwọ́ mi dìde fúnra rẹ̀. Mo fà á padà, mo jókòó lé e lórí. Ení, èjì, ẹ̀ta. Mo kà dé ogún, mo tún bẹ̀rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń ti bọ́tìnì, ìka rẹ̀ kejì ń gbà á lódìkejì ihò. Ó de ìkínní, ó de ìkejì. Agogo oúnjẹ lù. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa àga nísàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan béèrè pé, “Ìyá Kíákíá dà?” Tíṣà ń kọ̀wé. Ìkẹta, ìkẹrin.

Bàbá dúró níbẹ̀, kò de àwọn ti òkè. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ó kì í bọ apá ṣẹ́ẹ̀tì, ó fà á dé èjìká. Ó tẹ orí ba, ó wọ inú ṣẹ́ẹ̀tì náà látìsàlẹ̀ bí ẹni ń wọ súwẹ́tà. Orí rẹ̀ yọ lókè, irun funfun rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ọwọ́ òsì ló kì bọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Ó fà á wálẹ̀, ó tọ́ ọ. Ó de bọ́tìnì àyà.

Mo ya ẹnu, mi ò lè pa á dé. Gbogbo ọgbọ́n yìí ti wà nínú bàbá láti ọdún mẹ́rin! Abéèrè kì í ṣìnà. Èmi ò béèrè, mo sì ti ṣìnà láràárọ̀.

Tíṣà pa ìwé rẹ̀ dé. “Ó ti tó, Màmá. Ẹ ti yege.”

Inú mi dùn débi pé ó yẹ kí n fò sókè. Ṣùgbọ́n bàbá ò tíì ṣe tán. Ó ku bọ́tìnì ọrùn, ihò rẹ̀ sì le. Ó wo dígí, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Mò ń kà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.

“Ṣé kí n bá yín dè é, Bàbá?”

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dìde. Èmi Ìyá Kíákíá, tí mo lè de bọ́tìnì mẹ́fà kí èèyàn tó sín, bọ́tìnì kan ṣoṣo wá ń bá mi jà. Bọ́tìnì náà ò wọlé. Ìkánjú mi àtijọ́ tún dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í tipátipá.

Ọwọ́ òsì bàbá dìde. Mo di ojú, mò ń retí pàá.

Kò gbá mi. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé tèmi, ó sì fi í síbẹ̀. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ kan kiri. Mo dúró dè é, mò ń kà. Ní ìkẹrìnlá, ó rí i.

“Rọra,” ó ní.

Mo sì rọra.