Àwo Kan, Ẹ̀dà Mọ́kànlá

Àwo orin kan ṣoṣo ni, ẹ̀dà mọ́kànlá ni mo ní. Ẹ má bi mí léèrè ohun tí mò ń fi mọ́kànlá ṣe. Ìyàwó mi ti bi mí títí ó fi sú u, àwọn ọmọ bi mí, ó sú àwọn náà. Orin rọ́ọ̀kì ni, orin àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin onírun gígùn tí wọ́n ń ta gìtá bí ẹni tó fẹ́ fà á ya. Àwòrán àga kan tó dá dúró láàárín odò ló wà lára páálí rẹ̀. Àwo Àga là ń pè é nílé wa.

Ọ̀kan nínú mọ́kànlá yẹn ni àkọ́tẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde nígbà tí èmi fúnra mi ṣì ń ya irun sọ́tùn-ún. Bébà pupa ló wà láàárín rẹ̀. Àtúntẹ̀ ni mẹ́wàá yòókù. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní orin kan náà ni gbogbo wọn. Irọ́ ni! Àwọn kan tún un tẹ̀, wọ́n da béèsì kún un títí ó fi ń dún bí ìgbà téèyàn ń lu ilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn ní àwọn fẹ́ fọ ariwo inú rẹ̀, wọ́n fọ orin mọ́ ariwo. Ibi tí mo ti máa ń dá wọn mọ̀ ni páànù pẹlẹbẹ tó wà lára ìlù wọn, èyí tí onílù á fi igi kàn fẹ́ẹ́rẹ́, tí á ṣe ṣíì. Nínú àkọ́tẹ̀, ṣíì yẹn máa ń pẹ́ kó tó kú. Nínú àtúntẹ̀, wọ́n ti gé e nírù.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè mí ní Elétí ládùúgbò. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju èyí tí bàbá mi sọ mí lọ.

Ọ̀sán Sátidé ni èmi àti onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ mi, máa ń ṣe ìdánwò wa ní yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èmi á jókòó, màá kọ ẹ̀yìn sí giramafóònù. Òun á fi àwo sí i, á gbé abẹ́rẹ́ lé e, á ní kí n sọ èyí tó jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sì máa ń gbà á. "Elétí! Ó tún gbà á!" Á pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé òun ló bí mi. Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró ti ẹ̀rọ ìlagi, tó tún ní irú etí bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní gbéra ga? Mo gbéra ga. Mi ò fi bò.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, aránṣọ ni. Èmi àti ẹ̀ la jọ ra àkọ́tẹ̀ yẹn nígbà tí a jọ ń gbé yàrá kan, tí a jọ ní bàtà kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ni bàtà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la ni àwo. Nígbà tí mo gbéyàwó, mo gbé e lọ. Kò sọ nǹkan kan.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó mú ẹ̀bùn wá fún mi: àtúntẹ̀ tuntun, ó wúwo lọ́wọ́ bí àwo ìjẹun, bébà àárín rẹ̀ jẹ́ búlúù. Ìyẹn ló di ìkọkànlá. Pálọ̀ kún. Àwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi wà níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò wà níbẹ̀, onígbàjámọ̀ náà wà níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n dán mi wò lójú gbogbo èèyàn. Àbúrò mi ló ń fi àwo sí i, onígbàjámọ̀ dúró tì í. Mo gbọ́ èkíní, mo ní, "Àkọ́tẹ̀ rèé. Ẹ gbọ́ páànù yẹn!" Mo gbọ́ èkejì, mo ní, "Tuntun nìyí. Bàsíà lásán ni wọ́n ń lù."

Àbúrò mi sún mọ́ mi, ó sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́. Mi ò gbọ́.

"Sọ̀rọ̀ sókè, jàre," mo ní. "Kí gbogbo ayé gbọ́."

Ó wò mí. Ó wá sọ ọ́ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì í. Èkíní ni tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín yẹ etí yín wò. Ariwo ẹ̀rọ ìlagi yẹn ti bà á jẹ́."

Mo yíjú sí onígbàjámọ̀. "Ìwọ lo dúró tì í. Èwo ló kọ́kọ́ fi sí i?"

Onígbàjámọ̀ wo ojú mi, ó wo ojú àbúrò mi. "Àkọ́tẹ̀ ni," ó ní. "Elétí gbà á."

Àwọn èèyàn hó yèè. Èmi wá sọ fún àbúrò mi pé adití ni, pé òpùrọ́ ni, pé láti ọjọ́ tí mo ti gbé àwo lọ ni ìlara ti ń jẹ ẹ́ nínú. Mo ní kó má tẹ ilé mi mọ́. Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti èmi balẹ̀, mi ò tiẹ̀ wo ilẹ̀.

Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, onígbàjámọ̀ bá gbé giramafóònù wá sí inú ṣọ́ọ̀bù gan-an. Ó ti ilẹ̀kùn. Aṣọ tó máa ń so mọ́ àwọn oníbàárà lọ́rùn ló fi bo dígí ńlá tó wà níwájú mi, kí n má baà máa fojú jí ìdáhùn. A jọ fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ohun tó gbàgbé ni dígí kékeré ọlọ́wọ́, èyí tó fi ń fi ìpàkọ́ han àwọn èèyàn lẹ́yìn tó bá gẹrun wọn tán. Orí ìṣó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Mo gbọ́ èkíní. Mo ní, "Àtúntẹ̀. Ó gbẹ."

"Ó gbà á!"

Mo di ojú gbọ́ èkejì. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, àkọ́tẹ̀ nìyí. Gbọ́ páànù yẹn bó ṣe ń tàn."

"Elétí! Ó tún gbà á!"

Ìkẹta ni mo la ojú, tí ojú mi bọ́ sínú dígí kékeré yẹn. Mo rí onígbàjámọ̀. Ó mú páálí òfìfo kan, ó fì í, ó gbé e sílẹ̀. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń pààrọ̀ àwo. Lẹ́yìn náà ó gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó sì dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ àwo tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bébà búlúù ló ń yí láàárín rẹ̀. Àkọ́tẹ̀ wà nínú páálí tirẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, fìlà onígbàjámọ̀ wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án láti ìgbà tí mo ti gbé e dé.

"Ìkẹta yìí ńkọ́?" ó pariwo. Ó ti pẹ́ tó ti máa ń pariwo bá mi sọ̀rọ̀. Ariwo ẹ̀rọ ìgẹrun ni mo rò pé ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

"Àkọ́tẹ̀ ni," mo ní.

"Elétí! Ó gbà á pátápátá!"

"Kí ló wá dé tí fìlà rẹ wà lórí àkọ́tẹ̀?"

Ó wo fìlà, ó wo dígí kékeré. Ọwọ́ tó fẹ́ fi pàtẹ́wọ́ wálẹ̀.

"Láti ìgbà wo?" mo bi í.

"Jọ̀ọ́, jẹ́ ká..."

"Mo ní láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí o fẹ̀yìn tì." Ó jókòó sórí àga oníbàárà. "Òótọ́ ni àbúrò rẹ sọ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ilé ń wò mí, ìwọ náà ń wò mí, ojú rẹ dà bí ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ilé mọ́ lọ́wọ́. Kí ni kí n sọ?"

"Kí o sọ òótọ́!"

"Ẹni tó sọ òótọ́, ṣebí o lé e jáde."

Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi jókòó síbẹ̀, orí mi wà lọ́rùn mi, onígbàjámọ̀ sì fá a fún ọdún mẹ́rin. Ó ṣàánú mi ni, mo mọ̀. Àánú yẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Mo kó àwo mi, mo já aṣọ kúrò lára dígí ńlá rẹ̀, mo jáde.

Lójú ọ̀nà ni mo wá ń rò ó: ṣíì tí mò ń gbọ́ láti ọdún mẹ́rin yìí wá, níbo ni mo ti ń gbọ́ ọ? Mo ti mọ orin yẹn sórí. Etí ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ ọ.

Ìyàwó mi ń nu tábìlì nígbà tí mo wọlé. Mo ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò gbọ́ràn mọ́?"

Ó kọ́kọ́ wá dúró síwájú mi kó tó la ẹnu. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé ó ti pẹ́ tí kì í ti ẹ̀yìn bá mi sọ̀rọ̀. "Bàbá wọn, ta ni kò mọ̀? Àwọn ọmọ mọ̀. Láàárọ̀ yìí mo ní kí ẹ má gbàgbé kọ́kọ́rọ́, ẹ ní 'ó dáa', ẹ sì fi í sílẹ̀ sórí tábìlì. Gbogbo ohun tí ẹ ò bá ti gbọ́, 'ó dáa' lẹ máa ń sọ sí i."

Kọ́kọ́rọ́ náà wà lórí tábìlì lóòótọ́.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi. Mo gbé àkọ́tẹ̀ lọ́wọ́, mo gbé àtúntẹ̀ tó fún mi náà. Ó ń fi ẹfun fa ìlà sára aṣọ. Irun rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n," ó ní. Kò dìde.

Kí n tó sọ ohun tí mo bá wá, ọkùnrin kan yọrí sí ẹnu ọ̀nà, ó pariwo bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò: "Adití! Ṣòkòtò mi ńkọ́?"

"Ó di ọ̀la," àbúrò mi dá a lóhùn jẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó lọ.

"Ta ló sọ ẹ́ ní Adití?" mo bi í.

"Àwọn tó wà nílé yín lọ́jọ́ náà ni. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Ojú tì mí. Mo gbé àwo méjèèjì sórí tábìlì rẹ̀. "Mo ti mọ gbogbo rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ti jẹ́wọ́. Ìwọ lo jàre. Mo ní kí àkọ́tẹ̀ yìí máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ."

"Mo ti mọ̀ pé mo jàre láti ọdún mẹ́rin, ẹ̀gbọ́n. Àwọn tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ máa sọ fún wọn?"

Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kí n kàn ní, màá sọ. Mo wá rí àwọn ará ilé ìlagi lójú mi, bí wọ́n á ṣe máa wo ara wọn. Mo rí ara mi tí mò ń gba òpópónà wa kọjá láì sẹ́ni tó pè mí ní Elétí. Kí ni wọn á wá máa pè mí? Mo kàn ń fi àtàǹpàkò nu páálí àkọ́tẹ̀. Mi ò mọ̀ pé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni mí.

Ó dúró de ìdáhùn mi títí. Nígbà tó yá, ó mi orí. "Ẹ jókòó," ó ní. "Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi."

Giramafóònù àtijọ́ wa, ti yàrá kan yẹn, abẹ́ tábìlì tó fi ń lọ aṣọ ni ó ti fà á yọ. Mo jókòó, mo dojú kọ kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó ń kó aṣọ tó ti rán tán sí. Orin bẹ̀rẹ̀. Béèsì wọlé, gìtá wọlé. Mi ò fi ìrántí kún un lọ́jọ́ yẹn, mo dúró de ṣíì yẹn bí àjèjì. Kò wá.

"Èwo rèé?" ó pariwo.

"Mi ò mọ̀."

Ó pààrọ̀ àwo. Mo rí i nínú gíláàsì pé ó pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ò ríran débi bébà àárín. "Èyí ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

Orin ń lọ. Mo ṣì ń wo gíláàsì, láàárín ẹ̀wù méjì tó so kọ́ síbẹ̀, mo rí i pé ẹnu àbúrò mi ń mì. Kò pariwo. Ọ̀rọ̀ gígùn ni, ó ń sọ ọ́ sí mi lẹ́yìn, ó ń sinmi láàárín, ó tún ń bá a lọ, bí ìgbà tí a máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní kan náà tí á máa rojọ́ fún mi. Ó fi ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ẹnu rẹ̀ dákẹ́, ó gbé ojú sókè, ó ń wo ìpàkọ́ mi. Ó ń retí èsì.

"Ó dáa," mo ní. Àṣà ẹnu ni. Ó ti bọ́ kí n tó mọ̀.

Mo yíjú padà kíákíá. "Kí lo wí?"

Ó ti gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo. Ó ń dá àwo padà sínú páálí, ó ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àbúrò mi, mo ní kí lo wí?"

Ó wá dúró síwájú mi, ó rọra ń yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu níkọ̀ọ̀kan, kí n lè rí ètè rẹ̀. "Mo ti sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sì ti ní ó dáa."

Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó ní kí n máa bọ̀ ni, tàbí ó ní kí n má wá mọ́.