Ohun Tí Torquil Kó Sínú Ahoro

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé Murdina, kó tó rí ògiri rárá. Láti ìlú ńlá Glasgow, níbi tó ti dàgbà sí, ló ti padà wá sí erékùṣù wọn láti fi ahoro ilé àwọn baba ńlá rẹ̀ han Greer, obìnrin kan tó máa ń wa ilẹ̀ láti mọ bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbé. Òkúta lásán ló kù níbẹ̀ lẹ́yìn òkè, kò sí òrùlé, koríko ti hù lórí ògiri. Ìyá àgbà Murdina ti sọ fún un bí àwọn ọmọọ̀ṣẹ́ olówó tó ni ilẹ̀ náà nígbà àtijọ́ ṣe da wàrà pa iná ààrò, tí wọ́n dáná sun òrùlé, tí wọ́n sì lé tọmọdé tàgbà jáde, kí àgùntàn lè rí pápá jẹ.

Ó yọjú wo inú ilé. Òkú àgùntàn ló kún ibẹ̀. Àwọn kan ti di egungun, àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú, irun ń bọ́ lára wọn bí aṣọ tó ti gbó, ìdin sì ń hó lójú wọn bí ìrẹsì lórí iná. Ike oògùn ẹran àti táyà há sáàárín wọn. Ọ̀dà búlúù wà ní èjìká àwọn tí irun ṣì kù lára wọn. Àmì tí Torquil, àbúrò rẹ̀ tó ń sin àgùntàn ní erékùṣù náà, fi ń mọ tirẹ̀ ni. Murdina yíjú padà, ó bì sínú koríko.

Greer ní bóyá kí àwọn lọ wa ibòmíràn. Murdina ní kò sí ibòmíràn.

Ó bá Torquil nídìí oúnjẹ, ó ń mu ọbẹ̀ ẹran àgùntàn, ọ̀rá ń dán nírùngbọ̀n rẹ̀. Kò sẹ́. Ó ní ọkọ̀ tó ń kó òkú ẹran kì í tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn, àpáta sì ni ilẹ̀ ibẹ̀, kò ṣeé gbẹ́ kòtò sí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, òkúta ni ibẹ̀. Ta ló ń gbé inú ẹ̀?”

“Àgùntàn ni wọ́n torí ẹ̀ lé àwọn baba ńlá wa, Torquil. Ìwọ wá kó òkú ẹ̀ dà sídìí ààrò wọn.”

“Ẹni tó ti kú ò gbóòórùn. Ẹ jókòó, kí n bu ọbẹ̀ fún yín.”

Murdina wo ọ̀rá tó léfòó lójú àwo, kò jókòó. Ó ní kó wá kó ìdọ̀tí rẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á wọ́ gbogbo wọn wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ó wá lóòótọ́ pẹ̀lú katakata, ó ń súfèé bí ẹni tó wá ṣe àlejò lóore. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgùntàn kan já sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, tí omi dúdú inú rẹ̀ ta sí i lẹ́nu, súfèé tán. Ó sá sẹ́yìn ògiri, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń bì. Murdina kò bá a kẹ́dùn. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó di ìdajì tó kù mú, ó sì jù ú sínú ọkọ̀ ẹrù tó so mọ́ ẹ̀yìn katakata.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn tó ń wa ilẹ̀ dé orí òkúta ààrò, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, iná àtijọ́ ti sọ ilẹ̀ etí rẹ̀ di pupa. Inú Greer dùn, ó pe Murdina pé kó wá fọwọ́ kàn án. Murdina kúnlẹ̀, ó nawọ́. Omi òkú ẹran ti rin wọ inú òkúta náà, ó ń yọ̀ bí ikùn ẹja. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo ọdún tó fi wà ní Glasgow, kì í ṣe báyìí ló rò pé ààrò náà máa rí.

Torquil gbé garawa omi dé, ó ní kí àwọn fọ̀ ọ́. Greer ní omi ò gbọdọ̀ kàn án, eérú tó lẹ̀ mọ́ ọn lòun fẹ́ yẹ̀ wò. Torquil dúró síbẹ̀ pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Títí Murdina fi wọ ọkọ̀ ojú omi padà, ilé àbúrò rẹ̀ ló ń sùn, wọ́n sì ń kí ara wọn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹnu kan oúnjẹ Torquil. Búrẹ́dì tó rà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ, ní ìta gbangba, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́.