Ajá tí Bàbá Lábọ̀dé Sọ ní Talósèé

Nígbà tí Bàbá Lábọ̀dé sọ ọmọ ajá rẹ̀ ní Talósèé, gbogbo àdúgbò ní Ọ̀kà ló mọ ẹni tó ń bá wí. Mọ́júbọ́lá náà mọ̀. Ta ló tún sè é bí kò ṣe òun?

Ọmọ Ìkárẹ́ ni Mọ́júbọ́lá, àfẹ́sọ́nà Clement, ọmọ bàbá náà tó ń ṣe tíṣà. Ó gun òkè Ọ̀kà wá láti gúnyán ọdún ìjẹṣu fún àwọn àna rẹ̀: iyán funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ẹran ọ̀yà ń yọrí nínú rẹ̀. Wọ́n jẹ, wọ́n lá àwo. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, inú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Kí oòrùn tó gbóná, tọmọdé tàgbà ilé ti tò sẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá, kálukú di ìdí mú.

"Ẹni tó wà nínú ilé yẹn, ṣé o ń kọ́lé síbẹ̀ ni?"

Ní ilẹ̀ Àkókó wa nígbà náà, kí fóònù tó gbòde, àgbà tínú ń bí kì í bú èèyàn lójúkojú. Ajá ni yóò fún lórúkọ. Ọmọ ajá ọdẹ tí bàbá gbà ní Èpìnmì lọ́sẹ̀ ọdún gan-an kò tíì lórúkọ. Bàbá bá rí orúkọ fún un.

"Ẹ káàárọ̀, sà," Mọ́júbọ́lá á kúnlẹ̀, ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́.

Bàbá á yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Talósèé! Wọ́n ń kí ọ o!"

Ìyẹn ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n bàbá tún búra pé òun kò ní tẹ Ìkárẹ́ fún ìdána. "Kí n lọ tọrọ ọmọ tó fẹ́ fi ìgbẹ́ gbuuru pa mí?" Bàbá Mọ́júbọ́lá náà sì ti wí: bí bàbá ọkọ kò bá wá, òun kò ní ọmọ láti fún ẹnikẹ́ni.

"Tíṣà," ni Mọ́júbọ́lá wí tomijé-tomijé, "ṣebí inú ìkòkò kan náà lèmi náà ti jẹ. Kí ló dé tí inú tèmi ò run?"

"Mọ́jú, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí dọ́kàn. Jọ̀ọ́, mò ń bọ̀." Clement ti sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ohun kan ń kọ Mọ́júbọ́lá lóminú. Bí bàbá bá ń jẹun, ọmọ ajá á lá ìka rẹ̀, bàbá á sì fi ìka kan náà bu òkèlè tó kàn, á tún fi bọ́ àwọn ọmọdé ilé. Bàbá ní ahọ́n ajá ń wo egbò sàn, ibi wo ni yóò ṣe fún ìka? Ajá náà gan-an ń ṣunú. "Ẹ ò rí i?" ni bàbá ń wí. "Ọbẹ̀ náà ti mú òun náà!"

Nígbà tí ìgbẹ́ kọ̀ tí kò dá, Mọ́júbọ́lá àti Clement wọ́ bàbá lọ sọ́dọ̀ Dókítà Theresa ní Ìkárẹ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe táífọ́ọ̀dù, kì í ṣe onígbáméjì. Dókítà kò jáwọ́. Ó fi ìgbẹ́ náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò ńlá kan. Nígbà tí èsì dé, ó ránṣẹ́ pè wọ́n.

"Kòkòrò kan ni, Kanpilobákítà. Èyí tí ayé mọ̀ nínú ẹbí náà, ara adìẹ la ti sábà máa ń kó o. Àbúrò rẹ̀ tí kò lókìkí ló mú yín. Ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò kì í rí i, torí ohun tí wọ́n fi ń tọ́ ẹ̀gbọ́n nínú abọ́ àyẹ̀wò kì í jẹ́ kí àbúrò hù. Inú ajá ló máa ń gbé, pàápàá ọmọ ajá. Bàbá, ẹ ní ọmọ ajá nílé?"

"Ọ̀kan péré."

"Ṣé ó ń ṣunú?"

"Ó ń… ó ń gbìyànjú."

"Kí lẹ ń pè é?"

Bàbá gbójú sókè wo àjà. Clement wú ikọ́.

"Bàbá," ni Mọ́júbọ́lá wí jẹ́jẹ́, "ẹ dá dókítà lóhùn."

"Talósèé," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Orúkọ tó dáa! Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, kẹ́ ẹ sì máa fi ọṣẹ fọwọ́."

Ọ̀nà Ìkárẹ́ sí Ọ̀kà kò jìn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, nínú takisí, ó gùn bí ọ̀nà Kánò. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

"Mọ́júbọ́lá, ìyàwó mi," ni bàbá wí, ojú rẹ̀ ń wo ìta. "Ọjọ́ wo lẹ pe ìdána yẹn gan-an?"

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò wá mọ́, sà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá," ni Clement dáhùn.

"Èmi kọ́. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń sọ̀rọ̀ nígbà náà. Mọ́júbọ́lá, ọmọ mi, sọ fún ìyá rẹ kí ó má fi oúnjẹ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ náà o. Ìwọ ni kó o gúnyán."