“Wọ́n” Inú Ìwé Nàfísátù

Oṣù mẹ́jọ ni Nàfísátù fi kọ orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ìtàn àròsọ rẹ̀ kó tó láyà láti gbé e lọ bá Alàgbà Ẹnìtàn, tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì, ní Bódìjà. Bàbá kà á tán, wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

“Ta ni àwọn ‘wọ́n’ tó kún inú ìwé yìí? Wọ́n jí, wọ́n gbálẹ̀, wọ́n jókòó. Àwọn mélòó ni?”

“Ẹnì kan ni, sà. Ìyá inú ìtàn náà ni.”

“Kí ló dé tí o ò kọ ‘ó’?”

Nàfísátù wolẹ̀. “Ìyá mi ni mò ń wò kọ ọ́, sà. Ẹnu mi ò gbà á.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ rẹ ti bo obìnrin náà lójú. Nínú ilé, ìyá rẹ ni. Nínú ìwé, èèyàn ni. Kọ ‘ó’, ká lè rí i.”

Nígbà tó délé ní Agbowó, ó pa “wọ́n” rẹ́ bí ẹni tó ń jí ẹran nínú ọbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: “Ó jí ṣáájú gbogbo ilé. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.” Nàfísátù fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun ti ń rí i lára ìyá òun látọjọ́ yìí.

Nírọ̀lẹ́, ó kà á fún ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá mí kanlẹ̀.

“Ó mà ṣe o. Ṣé obìnrin yìí ò lọ́mọ ni?”

Nàfísátù gbé ìwé sílẹ̀, ó rọra gba atẹ ẹ̀wà lọ́wọ́ wọn.