Àkàbà Kan Ṣoṣo

Àkàbà kan ṣoṣo la ní nínú gbọ̀ngàn eré àdúgbò wa. Òun la fi ń gòkè lọ sí àgọ́ iná, níbi tí a ti ń tan iná ìtàgé, òun náà làwọn òṣèré máa ń gbé lọ sórí ìtàgé ní ìdajì eré, tí wọ́n á fi aṣọ aláwọ̀ ewé bò ó, á sì di igi. Bí igi bá ti hù níwájú, ẹni tó wà lókè ti di ará òkè nìyẹn, ó di ìgbà tí eré bá parí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe iṣẹ́ iná níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì jọ ẹ̀wọ̀n lójú mi rí, àfi lọ́sàn-án Sátidé kan báyìí.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ibi tó ń gbé jìnnà débi pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń rí i. Aago márùn-ún ni wọ́n máa kúrò nílé, nítorí ọkọ̀ òfúrufú kì í dúró de ẹnì kankan, ì báà ṣe ọmọ ọba.

Màmá ti ń gbàgbé. Lóṣù tó ṣáájú, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló fi ń pè mí. Lọ́sẹ̀ yẹn, "nọ́ọ̀sì" ni mo dà. Ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, tí mo gbé oríkì ilé wa sẹ́nu, ojú rẹ̀ á là, á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á sì súre. Ìre yẹn ni mo fẹ́ gbà kó tó lọ. N kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Mo sọ fún Bàbá Eré, olùdarí wa, láàárọ̀ pé n kò ní lè wá. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn dìde, ó na ọwọ́ sí mi:

"Ọmọ a-jí-tanná!
Ọmọ ẹni tí kì í jẹ́ kí àtùpà kú mọ́ àlejò lójú!
Ọmọ a-fọwọ́-kan-dáná, fọwọ́-kan-gbọ́mọ-pọ̀n!"

Ẹnu Màmá ló ti gbọ́ ọ, nígbà tí Màmá ṣì ń wá wòran. Orí mi wú, ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò lọ mọ́. Okùn là ń fi so ẹran. Oríkì ni Bàbá Eré fi ń so èmi. "Eré aago mẹ́ta ni," ó wí. "Aago mẹ́rin ààbọ̀, o ti délé."

Kò sì sí ẹlòmíì tó lè ṣe é. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ilé ni Màmá ti kọ́ mi níwèé, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́; orúkọ ẹbí ló fi kọ́ mi ní òǹkà. Nígbà tí wọ́n fa pátákó iná, ẹ̀rọ tí a fi ń darí iná ìtàgé, lé mi lọ́wọ́, mo lẹ bébà bo gbogbo nọ́ńbà ara rẹ̀, mo sì sọ iná méjèèjìlá lórúkọ ẹbí tí èmi nìkan mọ̀. Ìyá Àgbà ni èyí tó ń ràn jẹ́jẹ́ bí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Àna ni èyí tó mọ́lẹ̀ jù, tí kálukú ń tún ìjókòó ṣe níwájú rẹ̀. Àbúrò Ọkọ ni èyí tó máa ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè é sọ́rọ̀. Ìwé tí mo fi ń tẹ̀ lé eré kún fún "kí Àna jókòó, kí Ìyá Àgbà dìde." Akọ̀wé ẹgbẹ́ kà á lọ́jọ́ kan, ó ní òun rò pé àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹbí ni.

Lọ́sàn-án yẹn, alága ẹgbẹ́ ní kí òun kí àwọn èèyàn káàbọ̀ ní ṣókí. Ṣókí náà bímọ, ó bí ọmọ ọmọ. Nígbà tí eré fi dé ìdajì, aago ara ògiri ti di mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo gbọ́ tí àkàbà ń ha ilẹ̀ lábẹ́ mi, tó ń lọ.

"Afínjú," mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "wọ́n ti gbé e."

Onígbàjámọ̀ ni Afínjú. Òun ló ń mójú tó ohùn, a sì jọ máa ń fún ara wa mọ́ra nínú àgọ́ náà bí ẹja inú agolo.

"Á padà wá, Ìyá Iná."

"Nígbà wo?"

"Ìyàwó gbọ́dọ̀ gun igi, kó sunkún, kí ọkọ bẹ̀ ẹ́, kó kọ̀, kí gbogbo abúlé kọrin. Ẹ fi sí aago márùn-ún kọjá dáadáa."

Mo wolẹ̀. Ilẹ̀ jìn bíi kànga. Mo sọ ọ̀rọ̀ Màmá fún un. Ó fa ìwé mi mọ́ra.

"Bí wọ́n bá gbé e padà kíá, mo lè gba iṣẹ́ iná lọ́wọ́ yín. Ta ni Àna?"

"Ìkẹrin láti ọwọ́ òsì."

"Àbúrò Ọkọ ńkọ́?"

"Má pè é. Fúnra rẹ̀ ló ń dé."

"Ó jọ ti ilé wa."

N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo lè pa gbogbo iná, kí n ké pé kí wọ́n gbé àkàbà wá. Igba èèyàn ló jókòó sísàlẹ̀ níbẹ̀. *Kì í jẹ́ kí àtùpà kú mọ́ àlejò lójú.* Ọwọ́ mi ò gbé e.

"Ẹ pè wọ́n," ni Afínjú wí.

"Fóònù kẹ̀?"

Òfin àgọ́ ni pé kí fóònù wà ní pípa, nítorí bó bá ti sún mọ́ ẹ̀rọ ohùn, sípíkà á máa kùn nínú gbọ̀ngàn. Lọ́dún tó kọjá, fóònù èmi fúnra mi ló mú kí òkú kan hanrun lórí ìtàgé.

"Bí ìyàwó bá dórí igi, ẹkún nìkan ni," Afínjú wí. "Ẹkún ò nílò ẹ̀rọ. Mo máa pa ohùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí Bàbá Eré bá bínú, orí mi ló máa fá."

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyàwó gun igi. Afínjú pa ohùn, ó na ìka mẹ́ta sókè. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lórí Ìyá Àgbà, torí oòrùn gbọ́dọ̀ máa wọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ẹkún yẹn. Mo fi èjìká há fóònù mọ́ etí.

"Níbo lo wà?" Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. "A ti wà nínú ọkọ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún Màmá."

Mo gbọ́ èémí rẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ọmọ yín."

"Nọ́ọ̀sì?"

Ìka di méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ọmọ a-jí-tanná. Ọmọ ẹni tí kì í jẹ́ kí àtùpà..."

Mo fa Ìyá Àgbà wálẹ̀ díẹ̀. Ẹkún ń lọ nísàlẹ̀.

"...kú mọ́ àlejò lójú," ni Màmá wí. "Ọmọ mi! Kí ló dé tó o fi ń sọ̀rọ̀ bí olè?"

"Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, Màmá. Ibi iná."

"Àlejò wà níbẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀."

"Má jẹ̀ẹ́ kó kú mọ́ wọn lójú. Gbé orí wá."

Mo tẹrí ba títí iwájú orí mi fi kan pátákó iná.

"Ọ̀nà á là fún ọ. Ibi tó o bá gùn dé, o ò ní há síbẹ̀. Wàá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀."

"Àmín, Màmá."

Ìka ti tán. Afínjú gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó pa á, ó gbé ohùn dìde. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mo tan Àna fún un. Nígbà tí aago lu márùn-ún, mi ò gbójú sókè wò ó. Àbúrò Ọkọ ń ṣẹ́jú, mo jẹ́ kó máa ṣẹ́jú.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ tán kí wọ́n tó gbé àkàbà padà. Mo tan fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ̀wé sí mi: *Nígbà tó ń súre fún ọ, orí èmi ló gbé ọwọ́ lé. Mo ń bá ọ tọ́jú rẹ̀. Wá gbà á.*

Bàbá Eré ti dúró nísàlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ àkàbà mú. "Ọmọ a-jí-tanná! Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́ta náà ni o!"

"Ẹ máa kì mí, Bàbá," mo dáhùn látòkè. "Mò ń gbọ́."

Ó ń kì mí lọ. Èmi ń ṣí bébà ara pátákó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń ka nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ fún Afínjú, òun sì ń kọ ọ́ sínú ìwé: Àna, mẹ́rin. Ìyá Àgbà, méje. Nígbà tí a dé orí ìkejìlá, mo na ẹsẹ̀ kan sórí àkàbà.